Ilé Ni Àbọ̀ Sinmi Oko

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí oko ti wù kó jìnnà tó, ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ a máa retí ìrọ̀lẹ́, kí ó lè padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan wà rí ní ilẹ̀ Faransé tí iṣẹ́ ogun ti parí fún láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọn kò sì lè padà sílé. Kì í ṣe pé ilé wọn wó. Kì í ṣe pé ẹbí kọ̀ wọ́n. Òfin owó ni ó dè wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwọn ni ìkẹyìn àwọn tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ tí ilẹ̀ Faransé dá sílẹ̀ ní ọdún 1857. Orúkọ Sẹ̀nẹ̀gà ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ mìíràn pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ Dáhòmì, tí à ń pè ní Benin lónìí, wà níbẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Kétu àti Ọ̀họ̀rí sá kọjá ààlà lọ sí ìhà Nàìjíríà, kí wọ́n má baà fi ipá kó ọmọ wọn lọ ṣe sọ́jà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn ilé ẹlòmíràn.

Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí jà ní ilẹ̀ Faransé, ní Indochine àti ní Àlgéríà. Ọta ìbọn kò bi ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ọmọ ìlú wo ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ìjọba Faransé ṣe òfin kan ní ìparí ọdún 1959. Òfin náà dá owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ tó gba òmìnira dúró sójú kan. Owó ọmọ Faransé ń gòkè, owó ọmọ Áfíríkà kò kúrò níbi tó wà. Ó di ọdún 2007 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó àwọn méjèèjì dọ́gba.

Síbẹ̀, owó ọmọ ogun yìí kéré. Èyí tó tó jẹun ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba Faransé ń san fún arúgbó tí kò ní nǹkan. Ní ọdún 2023, ó tó nǹkan bí 950 yúrò lóṣù, èyí tó lé ní 620,000 owó CFA. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní láti gbé ní Faransé fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà tó ní aya, ọmọ àti ọmọ-ọmọ nílé ṣe ń dá gbé nínú yàrá kékeré kan, ní ilé àjùmọ̀gbé tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ àjòjì. Bí ó bá lọ sílé, oúnjẹ bọ́. Bí ó bá dúró ti oúnjẹ, ilé bọ́.

Ta ló wá já okùn náà? Àgbà tó ti lé ní 80 ọdún kò lè dá gbé ìwé láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Àwọn olùrànlọ́wọ́ ló dìde. Ọ̀kan nínú wọn ni Aïssata Seck, ọmọ-ọmọ tirailleur kan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbákejì olórí ìlú Bondy, nítòsí Paris, nígbà náà. Ní ọdún 2016, ó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, àwọn tó sì fọwọ́ sí i lé ní 60,000. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, àgbà 28 di ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ìjà náà kò dáwọ́ dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ìjọba gbà pé kí àwọn àgbà náà máa gba owó wọn nílé. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún náà, mẹ́sàn-án nínú wọn padà sí Sẹ̀nẹ̀gà. Yoro Diao, ẹni ọdún 95, tó ja ogun Indochine, wà lára wọn.

Àwọn kan lè sọ pé ẹni tó ń gbé ní Faransé ni owó ìrànwọ́ wà fún, pé òfin kan náà ló de gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kó àwọn wọ̀nyí lọ sójú ogun, kò sí ẹni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbé ní Faransé. Ẹni tó bẹ ènìyàn níṣẹ́ oko kò gbọdọ̀ sọ pé àfi bí ó bá sùn sóko ni òun yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni ó yẹ kó wá arúgbó lọ sílé, kì í ṣe arúgbó ni ó yẹ kó máa sá tẹ̀ lé ẹ̀tọ́. Ohun tó dunni ni pé ìdájọ́ náà pẹ́. Ọ̀pọ̀ ti kú kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún gbogbo ilé. Ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé kò lè dá rìn. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò kà á, ẹni tí yóò gbé e dé ọ́fíìsì, àti ẹni tí kò ní sú láti padà lọ béèrè. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, àpótí àwọn àgbà kún fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà: ìwé iṣẹ́ ìjọba, ìwé ogun, ìwé ilẹ̀, ìwé ìfẹ̀yìntì. Ìwé tó sùn sínú àpótí kò lè mú nǹkan wálé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kò gbọdọ̀ rò pé orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni òun kọ́ láti kọ. Kí ó jókòó ti bàbá tàbí ìyá àgbà ilé rẹ̀, kí ó ka ìwé náà fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì bá a tọ́jú rẹ̀ síbi tí òjò àti ikán kò lè dé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà ti na ọwọ́ tiwọn. Ó ku ọwọ́ àwọn tó mọ̀wé.