Ta Ni Ó Ni Àǹkárá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, n kò sì lè gbé e mì.

Ní ọdún 2024, mo lọ wo iṣẹ́ Yinka Shonibare ní ilé ọnà Serpentine ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo rí ère Ọbabìnrin Victoria àti ti Churchill tí a fi ọnà àǹkárá kùn láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rí ìwé 5,000 tí a fi àǹkárá dì, tí a kọ orúkọ ogun àti àdéhùn àlàáfíà sára ọ̀pọ̀ wọn. Mo dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Bí a ti jáde, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọwé ni, pòṣé. Ó ní, “Àwọn ará Họ́láǹdì ni wọ́n ni àǹkárá. Kí ni ti Yorùbá níbẹ̀?”

Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Àwọn ará Họ́láǹdì wo aṣọ àwọn ará Jáfà, wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe irú rẹ̀, wọ́n kó o wá sí etíkun wa. Àwọn ìyá wa rà á, wọ́n sọ ọ́ di aṣọ ẹbí. Shonibare kò fi èyí pamọ́ rárá: ọjà Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun náà ti ra tirẹ̀. Ìrìn àjò aṣọ náà gan-an ni ìtàn tí ó ń sọ. Ẹni tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, tí a sì tọ́ ní Èkó, ṣé kò mọ ìtàn bẹ́ẹ̀ ni?

Bí ohun tí ó ti òkèèrè wá kò bá lè di tiwa, kí ọ̀rẹ́ mi jọ̀wọ́ gàrí àti ẹ̀kọ sílẹ̀. Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti wá.

Mo mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù: kí àdìrẹ má baà parun. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù àti táì ni ó wọ̀ wá síbẹ̀! Ẹ̀gàn kò ra aṣọ lọ́wọ́ aláró.

Ní 2022, Shonibare ṣí ilé fún àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó wa lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá kọ ohun tí ẹ bá rí, ìbáà ṣe ìyìn tàbí àbùkù. Ẹni tí kò wo ọnà, kí ó má ṣe dá a lẹ́jọ́.