Bí A Bá Wo Fíìmù Tán, Kí Ni Ó Yẹ Kí Á Sọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, láti Mọ́níyà dé Lálùpọ́n, láti Ẹgbẹ́dá dé Àkánrán, bí àwọn ènìyàn bá wo fíìmù lálẹ́, àríyànjiyàn rẹ̀ kì í pẹ́ dé abẹ́ igi odán. Èyí kò burú. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá, wọn kì í túká láìbi ọmọdé pé: “Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa?”

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé “ó dùn” tàbí “kò dùn” ni ọ̀pọ̀ ń sọ, wọn a sì máa bú òṣèré tí ó ṣe ìkà bí ẹni pé ìkà ni òun gan-an. Ẹ wo Ṣaworoidẹ, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ẹni tí a bí ní abúlé Lábọ̀dé ní Ìbàdàn, kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde ní 1999. Kọ́lá Oyèwọ̀ tí ó ṣe Ọba Lápité kò ta igi gẹdú ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí ó kan àwa àgbẹ̀ nìyí: ṣé ọba tí ó kọ̀ láti bá ìlú mulẹ̀ nìkan ni ó jẹ̀bi, àbí àwọn ìjòyè tí ó jẹ nínú owó gẹdú náà? Ní tèmi, ẹ̀bi àwọn ìjòyè ni ó wúwo jù, nítorí pé àwọn ni ìlú fi ṣọ́ ọba.

Bí ọmọdé bá rí i lọ́nà mìíràn, kí àgbà má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Kí ọmọdé náà má sì rí àgbà fín. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.