Kí a tó ta àgbàdo tí a kò tíì kórè



Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan tó ń kọ́ ìwé ní kíláàsì alẹ́ wa wá bá mi nílé. Ó ní: «Olùkọ́, ta ni ó jí owó ọmọ mi?» Ọmọ rẹ̀ ti kó 60.000 fráǹkì, owó tí wọn fẹ́ fi ra ajílẹ̀, sínú ọjà kan lórí pọ́táábù. Wọ́n ní ọjà àgbàdo ni. Ní ọjọ́ kìíní ó jèrè 9.000. Ó ra ẹran wálé. Ní ọjọ́ kẹta ó sùn, ó jí, owó ti tán.

Mo bá ọmọ náà wo pọ́táábù rẹ̀. Lóòótọ́, ayédèrú pọ̀ nínú ọjà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí olè níbi tí a wò. Iye owó àgbàdo ló yí padà díẹ̀ lóru. Báwo ni ìyípadà díẹ̀ ṣe lè jẹ gbogbo owó?

Ẹ má rò pé ohun àjèjì ni ọjà yìí. Àwa náà ń ṣe é. Nígbà tí oúnjẹ bá wọ́n, tí owó ilé ìwé ọmọ sì dé, oníṣòwò á wá láti ìlú, á wo àgbàdo wa tó ṣì tutù lóko, á san owó. Nígbà ìkórè, á wá kó àpò rẹ̀ lọ. Òní ni a dá iye lé e, ẹ̀yìn ọ̀la ni ẹrù yóò dé. Àwọn kan ní kí a fi òfin dè é. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Níbo ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn yóò ti rí owó?

Àwọn ará Ṣikágò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ báyìí náà. Gbogbo àgbẹ̀ ibẹ̀ a máa kó ọkà wọ̀lú lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìkórè, iye á wálẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọkà á wọ́n. Ní 1848, àwọn oníṣòwò dá ilé ọjà kan sílẹ̀. Ní 1865, wọ́n fi òfin dé àdéhùn náà: ìwọ̀n kan náà, irú ọkà kan náà, oṣù tí a mọ̀, olúkúlùkù sì ń fi owó ìdógò sílẹ̀. Àgbẹ̀ mọ ohun tí yóò gbà, ẹni tó ń lọ ọkà mọ ohun tí yóò san. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ tó ń rà tó ń tà níbẹ̀ kò ní rí ẹyọ àgbàdo kan. Èrè àárín ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Àdéhùn àgbàdo kan tó pé ní Ṣikágò jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 127. Tí hẹ́kítà kan bá mú tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ jáde, oko hẹ́kítà 85 nìyẹn! (Àwọn àdéhùn kékeré wà, ìṣirò kan náà ni.) Ká ní tọ́ọ̀nù kan jẹ́ dọ́là 160. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20.320. Ká ní owó ìdógò jẹ́ dọ́là 1.000. Ẹni tó rà á rò pé 1.000 ni òun fi ṣòwò. Rárá, 20.320 ni. Tí iye tọ́ọ̀nù bá fi dọ́là 8 péré wálẹ̀, ó pàdánù 1.016. Ìdógò ti lọ, gbèsè sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2020, iye àdéhùn epo rọ̀bì kan ní New York wálẹ̀ kọjá òdo: ẹni tó ń ta tiẹ̀ ní láti san ju dọ́là 37 lórí àgbá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà. Àgbàdo Ṣikágò kì í ṣe àgbàdo Kétu. Òjò ibẹ̀ kọ́ ni òjò wa. Iye lè gòkè lọ́hùn-ún kí ó wálẹ̀ níbí, kí àgbẹ̀ pàdánù lọ́nà méjì.

Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú ìwé àti bíìkì, kí ó fi owó sílẹ̀ ná. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ iye àpò àgbàdo kan, láti ìkórè dé ìkórè. Kí ó kọ iye tó rò pé yóò jẹ́ ní oṣù mẹ́ta sí i. Nígbà tí oṣù bá pé, kí ó wò ó bóyá òun gbà á. Ọ̀pọ̀ yóò rí i pé àwọn kò mọ ọjà tó bí àwọn ti rò, fráǹkì kan kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Tí àìní bá mú kí ẹ ta èyí tó wà lóko, ẹ má ta gbogbo rẹ̀. Ẹ ta ìwọ̀n tí ẹ óò rí kó bí òjò tilẹ̀ kùnà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé méjì, ọ̀kan fún yín, ọ̀kan fún oníṣòwò: iye, ìwọ̀n kìlóò, ọjọ́, àti ohun tí ẹ óò ṣe bí ọ̀dá bá dá. Ìwọ̀n kìlóò ni mo wí o, kì í ṣe «àpò», nítorí àpò oníṣòwò máa ń tóbi lọ́jọ́ ìkórè. Kí ẹni kan nínú ẹgbẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìyá tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ra ìwé olójú ewé 100. Ọmọ rẹ̀ ló fa ìlà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ nọ́ńbà síbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà, ó sì ti kún ojú ewé mẹ́ta.