Orí Ọmọ Ènìyàn Kì í Ṣe Àpò Ẹ̀ṣẹ́

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2025, Gabriel Oluwasegun Ọlánrewájú, akànṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó ti gba bẹ́líìtì orílẹ̀-èdè yìí àti ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí, ṣubú ní abala kẹta ìjà rẹ̀ ní Bukom, nílùú Accra. Ó kú lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́ni ogójì ọdún. Ghana dá ìjà ẹ̀ṣẹ́ dúró fún ìgbà kan, àwọn ènìyàn sì ń béèrè irú àyẹ̀wò tí dókítà ń ṣe fún akànṣẹ́ kó tó wọ ríìngì. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n alẹ́ ìjà nìkan ni ìbéèrè náà kàn. Ibi ìdánrawò ni ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ti ń jẹ ẹ̀ṣẹ́ tó pọ̀ jù láyé wọn, níbi tí kì í sábà sí rẹfirí tàbí dókítà, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í ka iye tó bà wọ́n. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwa dá lé lónìí.

Ìdúró wa nìyí: kí ìdánrawò ààbò le débi tí òógùn yóò fi máa ro tótó, kí ẹ̀ṣẹ́ tó ń kan orí sì fúyẹ́.

Ẹ wo ọmọ tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń yẹ jáàbù. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnìkejì rẹ̀ na ọwọ́ òsì sí i jẹ́jẹ́. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọ̀wọ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan etí rẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò kúrò lára ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá pẹ́ jù, ìbọ̀wọ́ á kàn tọ́ ọ níwájú orí, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé òun pẹ́, wọ́n á sì tún un ṣe. Wàyí o, kí kóòṣì wá ní kí ẹnìkejì máa fi gbogbo agbára gbá a. Kò ní pẹ́ tí ọmọ náà yóò fi máa dijú kí ẹ̀ṣẹ́ tó dé, tí yóò máa yí ọrùn kúrò, tí apá méjèèjì yóò ká mọ́ orí. Kóòṣì lè rò pé ọmọ òun ń le sí i, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rù ló ń kọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti dijú, iṣẹ́ ńlá ni kí ìwà yẹn tó kúrò lára rẹ̀.

Àwọn kóòṣì kan yóò wí pé ẹni tí kò bá jẹ ẹ̀ṣẹ́ gidi níbi ìdánrawò, ọjọ́ ìjà ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń rọra tọ́ títí ayé a máa dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí, nítorí kò sóhun tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà ni ènìyàn lára láìfi ọwọ́ kan orí rẹ̀ pọ̀. Kí ẹ̀ṣẹ́ náà yá sí i. Kí ó fi okùn fò títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ẹ̀ṣẹ́. Ẹ fún un ní ẹni tí apá rẹ̀ gùn ju tirẹ̀ lọ. Ẹ sé e mọ́ kọ̀rọ̀ ríìngì, kí ẹnìkejì máa na ara nìkan. Àgbàlagbà tí ọjọ́ ìjà rẹ̀ ti sún mọ́ lè ṣe ìwọ̀nba abala tó le, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ áúnsì 16, kí kóòṣì wà láàárín wọn, kó sì lẹ́nu láti dá a dúró.

Ìdánrawò tó le jù ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn tó ju wa lọ. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ló yẹ kí George Foreman àti Muhammad Ali pàdé ní Kinshasa, ṣùgbọ́n Foreman fi ojú gbọgbẹ́ níbi ìdánrawò, ìjà náà sì di ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá. Ali tó borí rẹ̀ a máa jẹ́ kí àwọn tó ń bá a dánra wò lu òun dáadáa, kí ara òun lè mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀ṣẹ́. Ní 1984, dókítà sọ fún un pé àrùn Parkinson ń ṣe é. Ẹ̀ṣẹ́ ìjà àti ẹ̀ṣẹ́ ìdánrawò, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú ọpọlọ. Láti 1928 ni dókítà Harrison Martland ti Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa àwọn akànṣẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń ta, tí èrò wọn ń dàrú. Ní 2019, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stirling ní Scotland rí i pé kété lẹ́yìn ìdánrawò, ìrántí àwọn akànṣẹ́ lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbójú lé ìbòrí: ó ń dáàbò bo awọ ojú, kò lè dá ọpọlọ dúró kó má mì nínú agbárí.

Ọ̀rọ̀ yìí wá kan àwa tó ń gbé Ìbà Housing Estate, Ọ̀jọ́ àti Òkòkòmáìkò ní Èkó gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nínú agbárí ọmọ, wákàtí ni a ń kà, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ nìkan ló sì lè gbà á. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà ni a ó máa sáré gbé e lọ, ìrọ̀lẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń dánra wò. Ẹni tó ti há sójú títì LASU sí Ìṣẹrí ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tàbí tó mọ títì Badagry láti Òkòkòmáìkò dé Mile 2, mọ ohun tí a ń sọ. Ibi tó jìnnà sí ìrànlọ́wọ́ tó báyìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa fi orí ọmọ dán agbára wò.

Nítorí náà, kí ẹ̀ṣẹ́ agbára sí orí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 dópin níbi ìdánrawò, kò sí àwíjàre. Ẹni tí òòyì bá kọ́, tí orí ń fọ́, tàbí tó bì, kó bọ́ ìbọ̀wọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ orí bá gbé ṣubú nínú ìjà, tí kò sì lè jà á lọ mọ́, òfin àwọn akànṣẹ́ tí kì í gbowó ti fún un ní ìsinmi ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, ìdánrawò ìjà náà sì wà lára ohun tó gbọ́dọ̀ yẹra fún. Ẹ̀yin òbí, ẹ wáyè ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ lọ jókòó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ yín. Bí kóòṣì bá ní ẹ ò gbọdọ̀ wò ó, ẹ mú ọmọ yín lọ sílé.