Ẹṣin Aláwọ̀ Aró

“Ta ni ó rí ẹṣin aláwọ̀ aró rí?” Báyìí ni ọ̀rẹ́ mi kan wí nígbà tí mo fi àwòrán ẹṣin mẹ́ta tí Franz Marc, ará Jámánì, yà ní 1911 hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èmi kò bá a rẹ́rìn-ín. Marc mọ ẹṣin dáadáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ ẹṣin ni ó ń kùn. Ní 1910 ó kọ̀wé sí August Macke pé akọ ni àwọ̀ aró, ó le, ti ẹ̀mí sì ni. Abo ni àwọ̀ ìyeyè, ó rọ̀, ó lọ́yàyà. Pupa ni ìwúwo ayé. Ẹ wo ọrùn àwọn ẹṣin náà bí ó ti tẹ̀ bí òkè pupa tí ń bẹ lẹ́yìn wọn: lójú tèmi, ẹ̀mí àti ayé ni ó dojú kọ ara wọn níbẹ̀.

Bí agbẹ́gilére wa bá gbẹ́ orí tí ó tóbi ju ara lọ, ta ni í mú okùn wá wọ̀n ọ́n? A mọ̀ pé orí ni ó ń bọlá fún. Kí ló dé tí a fi fẹ́ sọ Marc di ẹlẹ́rìí ilé ẹjọ́?

Ní 1937 ìjọba Hitler gbé àwòrán ẹṣin aláwọ̀ aró mìíràn tí Marc yà kọ́ ní Munich kí ayé lè fi ṣẹ̀sín. Láti 1945 a kò mọ ibi tí ó wà mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe Hitler. Ṣùgbọ́n kí ó tó tún rẹ́rìn-ín, kí ó wo àwọn tí ó ti rẹ́rìn-ín yẹn ṣáájú rẹ̀.