Kétu Kọjá Akaba Ìdénà

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun àtijọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, Ouidah, Àgbómì tàbí Ganvié ni a kọ́kọ́ máa ń darí rẹ̀ sí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń dé Kétu. Nínú àwọn tí ó sì ń dé ibẹ̀, púpọ̀ ni kì í kọjá ẹnu ibodè Akaba Ìdénà. Wọn a wo ògiri amọ̀, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì bá ọ̀nà wọn lọ. Wọ́n rò pé àwọn ti rí Kétu. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n rí. Wọn kò wọ inú ilé.

Akaba Ìdénà yẹ ní wíwò. Àwọn àgbà sọ pé Alákétu Sa ni ó mọ odi yí ìlú ká, wọ́n sì sọ pé òmìrán méjì ni ó gbẹ́ yàrà rẹ̀. Odi náà dáàbò bo ìlú fún ìgbà pípẹ́. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Glèlè, ọba Dàhòmì, fọ́ Kétu. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn tí ó kù lẹ́rú lọ sí Àgbómì. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, àwọn tí ó ṣẹ́kù padà wá sílé. Ní 1894, wọ́n fi Alákétu Onyegen jẹ ọba, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìlú kọ́. Ògiri kan ṣoṣo kò lè sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tán.

Níbo ni ìyókù ìtàn náà wà? Ó wà ní ipa yàrà tí ó yí ìlú àtijọ́ ká. Ó wà ní ààfin àti nínú agbo ilé àwọn ìdílé ọba márùn-ún tí oyè Alákétu ń yí láàrin wọn. Ó wà lẹ́nu àwọn tí ó lè sọ bí ọdẹ kan ṣe fi ọ̀nà han Ede, ọba tí ó tẹ ìlú dó, àti bí obìnrin arúgbó kan ṣe fún un ní iná. Ó wà nínú orin Ẹ̀fẹ̀ tí a ń kọ ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ìṣúra fún gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ ìtàn ni ó sì sọ pé agbègbè Kétu ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a wá ọ̀nà tí èrò rẹpẹtẹ yóò fi ya wọ Kétu, nítorí pé ibi tí èrò bá wà ni owó wà. Ó yẹ kí wọ́n wo Venice ní ilẹ̀ Ítálì, ìlú orí omi tí a máa ń fi Ganvié wé. Ní 1951, bí ènìyàn 175 000 ni ó ń gbé ní àárín ìlú àtijọ́ náà. Lónìí, wọn kò tó 50 000. Kì í ṣe àlejò nìkan ni ó lé wọn, ṣùgbọ́n ilé gbígbé tí a sọ di ilé àlejò wà lára ohun tí ó lé wọn. Ní 2024, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba 5 yúrò, èyí tí ó tó bí 3 280 fránkì, lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn, ní àwọn ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù.

Kétu kò nílò irú èrò bẹ́ẹ̀. Àlejò mẹ́wàá tí ó sùn ní ìlú, tí ó jẹun lọ́wọ́ olóúnjẹ, tí ó gun zemidjan, tí ó sì san owó fún amọ̀nà tí ó jẹ́ ọmọ ìlú, sàn ju ọgọ́rùn-ún tí ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ó ya fọ́tò tán, tí ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n kí ni amọ̀nà náà yóò sọ? Yorùbá ní bí ọmọ kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òótọ́ ni, bí ẹni tí yóò rò ó bá ṣì wà láàyè. Samuel Ajayi Crowther ṣe àbẹ̀wò sí Kétu ní 1853. A mọ̀ ọ́n nítorí pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Geoffrey Parrinder gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà Kétu, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1956. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Ọmọ Kétu tí ó gbọ́ Yorùbá tí ó sì kọ́ Faransé kò lè ka ìtàn baba rẹ̀ nínú ìwé náà.

Iṣẹ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni èyí. Ìwé àjákọ kan àti bírò kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ àti ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ orúkọ kànga, igi àti oríta tí ó ní ìtàn. Kí ó kọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀rọ̀ tí kò dọ́gba, kí ó kọ méjèèjì. Ìjọba ìbílẹ̀ sì lè gba àwọn ìwé wọ̀nyí, kí ó fi wọ́n kọ́ àwọn amọ̀nà.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ojú àlejò gbọ́dọ̀ dé. Ojúbọ àti igbó tí ó ní èèwọ̀ ní àwọn tí ó ni wọ́n. Ẹnu wọn ni àṣẹ wà. Ṣùgbọ́n ibi tí a mọ̀ tí a sì pa mọ́ yàtọ̀ sí ibi tí a gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró pẹ́. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, àwọn tí ó ń bọ òrìṣà ṣì ń jẹ́ orúkọ Kétu, wọ́n sì ń ki Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu. Ní 2024, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tí ó fún àwọn ọmọ-ọmọ ẹrú tí a kó kọjá òkun láyè láti di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dé, tí ó sì béèrè ibi tí àwọn baba rẹ̀ gbé, ẹnu ibodè nìkan kò ní tó o. Ó yẹ kí ọmọ Kétu lè mú un lọ́wọ́, kí ó mú un wọlé, kí ó sì mọ ohun tí yóò sọ fún un.