Nígbà Tí Apá Kejì Bá Já Ni Kulẹ̀

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé àlùfáà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí géèmù nínú ìwé bí èyí. Kì í ṣe pé n kò rí kókó mìíràn. Àwọn ọmọ wa ń rojọ́ kan lójoojúmọ́ tí àwa àgbà kì í dá sí: wọ́n ní eré tí àwọn fẹ́ràn ti ní apá kejì, apá kejì náà sì já àwọn kulẹ̀. Bí ọmọ bá gbé ẹjọ́ yìí dé iwájú bàbá rẹ̀, èsì tí yóò gbọ́ ni pé kí ó lọ kàwé. Lójú tèmi, òtítọ́ inú ẹjọ́ náà pọ̀ ju bí a ti rò lọ, ó sì kan àwa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí ó sún mọ́ wa jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rìn kiri àdúgbò ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn yóò mọ ilé géèmù: yàrá kan, tẹlifíṣọ̀n mélòó kan, jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé, àti àwọn ọmọkùnrin tí ń sanwó fún eré kọ̀ọ̀kan. Eré bọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ Konami ti orílẹ̀-èdè Japan ṣe ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbá níbẹ̀. Winning Eleven ni orúkọ rẹ̀ nílé. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń tà á ní Yúróòpù pẹ̀lú orúkọ Pro Evolution Soccer, tí àwọn ọmọ gé kúrú sí PES. Orúkọ méjèèjì ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ òsì Adriano, ọmọ ilẹ̀ Brazil tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Inter Milan nígbà náà, di ìtàn nínú eré yìí débi pé àwọn ọmọ mìíràn a máa bá ara wọn ṣe àdéhùn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un. Ẹ̀rọ PlayStation 2, tí ó jáde ní ọdún 2000, ni wọ́n fi ń gbá a. Konami kò sì dẹ́kun ṣíṣe ti ẹ̀rọ yẹn títí dé PES 2014, nígbà tí ẹ̀rọ náà ti pé ọdún 13. Èyí jẹ́ oore fún àwa tí a kì í tètè ra ẹ̀rọ tuntun.

Ní oṣù keje ọdún 2020, Konami ṣe ohun kan tí mo gbóríyìn fún. Wọ́n sọ ní gbangba pé eré tuntun pátápátá ni àwọn ń kọ́ lọ́wọ́, nítorí náà ti ọdún náà, PES 2021, kò ju àtúnṣe orúkọ àti aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n sì dín owó rẹ̀ kù. Àwọn tí ó fẹ́ rà á rà á, ariwo kò pọ̀.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni eré tuntun tí a ti ń retí náà dé. Wọ́n ti pa orúkọ PES tì. eFootball 2022 ni wọ́n pè é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tí àwọn ènìyàn rí lójú ẹ̀rọ wọn kọjá ohun tí a lè fi ọwọ́ bò. Ojú àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá, Lionel Messi àti Cristiano Ronaldo láàrin wọn, rí bí ère tí agbẹ́gilére kò tíì gbẹ́ tán. Àwọn òǹwòran orí ìjókòó dà bí páálí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 9 péré ni a lè mú. Lórí Steam, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn ti ń gba géèmù orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n sì ń kọ èrò wọn sí abẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀kan lára àwọn eré tí a tíì bu ẹnu àtẹ́ lù jù lọ. Ní ọjọ́ kejì, Konami tọrọ àforíjì. Odindi eré tí wọ́n ṣèlérí fún ìparí ọdún náà kò dé títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n sì dá owó padà fún àwọn tí ó ti san àsansílẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: ohun tí a kò sanwó fún, kí ni a ń bínú sí? N kò fara mọ́ èyí. Ọmọ tí ó wà ní Ìlárá-Mọ̀kín kì í gba nǹkan tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà ni yóò rà. Yóò máa gbàdúrà kí iná má lọ kí ó tó wọlé tán. Yóò sì ti fi oṣù púpọ̀ retí rẹ̀, yóò ti sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ kò ha rí i pé ọmọ náà ti náwó?

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọdún méjèèjì. Ti ọdún 2020 kéré, kò sí ohun tuntun kan gbòógì nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹ̀tàn, nítorí bí wọ́n ti sọ pé ó kéré náà ni ó kéré. Ti ọdún 2021 ní ìpìlẹ̀ tuntun àti orúkọ tuntun, wọ́n sì gbé e síwájú ayé bí ọmọ ọba tí yóò jẹ oyè, ṣùgbọ́n wọ́n ti wó ilé àtijọ́ kí ti tuntun tó ní òrùlé. Orúkọ nìkan kọ́ ni ó ń dun àwọn ọmọ. Ní ọdún 2023, géèmù bọ́ọ̀lù kejì tí ó gbajúmọ̀, FIFA, tí wọ́n ti ń tà láti ọdún 1993, pàdánù orúkọ rẹ̀, ó di EA Sports FC. Wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì ń gbá a lọ, nítorí eré tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n bá nínú rẹ̀.

Kí ló ń fa irú ìjákulẹ̀ yìí? Àwọn ọmọ a máa sọ pé ojúkòkòrò ni. Ojúkòkòrò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Nígbà tí géèmù wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tàbí díìsìkì nìkan, ohun tí a bá ti tà kò ṣeé tún ṣe mọ́. Àṣìṣe tí ó bá bá a jáde yóò wà níbẹ̀ títí láé. Ìbẹ̀rù yìí ni ó ń mú kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ìbẹ̀rù náà kúrò. Ilé-iṣẹ́ lè gbé ohun tí kò tíì jinná wá sọ́jà, kí ó máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Ti Konami tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí wọ́n gbé eré náà karí ìpìlẹ̀ mìíràn tí a ń pè ní Unreal Engine, wọ́n sì fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá àti lórí fóònù. Iṣẹ́ ọdún mélòó kan ni wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà kan ṣe.

Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ Rockstar mú Grand Theft Auto mẹ́ta àtijọ́, San Andreas ti ọdún 2004 wà lára wọn, ó kùn wọ́n ní ọ̀dà tuntun, ó sì tà wọ́n. (Eré olè àti ìbọn ni, n kò dámọ̀ràn rẹ̀ fún ọmọ ẹnikẹ́ni, kí bíṣọ́ọ̀bù má ṣe fi ìwé pè mí.) Òjò inú rẹ̀ ń bo ojú ọ̀nà mọ́ni lójú, àṣìṣe wà nínú lẹ́tà ara àwọn àkọlé ìta. Ohun tí ó burú jù ni pé wọ́n ti kó ti àtijọ́ kúrò lọ́jà. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí àwọn náà fi tọrọ àforíjì, tí wọ́n sì ṣèlérí láti dá ti àtijọ́ padà sí orí àtẹ.

Síbẹ̀ yíyá orúkọ lò fún ara rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Super Mario Bros. jáde ní ọdún 1985. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1988 gẹ́gẹ́ bí apá kejì kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀ rárá: eré mìíràn tí ó ti jáde ní Japan ní ọdún 1987 ni, tí wọ́n fi Mario àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rọ́pò àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, nítorí eré tí ó pé ni.

Ní ìpínlẹ̀ wa níhìn-ín, ní Òkè-Igbó, ni a ti bí ọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ apá kejì dunjú. D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938. Ẹni tí ó ka ìwé náà yóò máa retí kí Akàrà-ògùn tún gbé ìbọn rẹ̀ wọ igbó kan náà lọ. Ọdún 11 ni Fágúnwà fi jẹ́ kí a retí. Nígbà tí Igbó Olódùmarè dé ní ọdún 1949, ẹ̀yìn ni ó mú wa padà sí: Olówó-ayé, bàbá Akàrà-ògùn, ni ó di akọni ìtàn. A tún bá ohun tí a fẹ́ràn pàdé, igbó ẹlẹ́rù, iwin, ọ̀rọ̀ dídùn tí ń tú jáde bí omi, ṣùgbọ́n kò ta ìtàn àná fún wa lẹ́ẹ̀kejì. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé àkọ́kọ́ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, ó sì tún túmọ̀ Igbó Olódùmarè ní ọdún 2010. Ìwé tí irú rẹ̀ padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 42 kì í ṣe àjẹkù.

Nísinsin yìí, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ wa fúnra wọn ṣe. Wọn kò jókòó sunkún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sí PES àtijọ́ tí a ṣe fún ẹ̀rọ PSP, wọ́n ń fi ohun èlò kan tí a ń pè ní PPSSPP gbá a lórí fóònù. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà láàrin wọn ń fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù ọdún yìí àti aṣọ ọdún yìí sínú eré àtijọ́ náà, wọ́n sì ń pín in kiri. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a bá wọn sọ, n kò sì fẹ́ fò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ kò tíì wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Apá kan ẹjọ́ náà wà tí n kò gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ mi búra fún mi pé kò sí eré tí yóò tó èyí tí òun gbá nígbà tí òun wà ní kíláàsì kẹta. Mo ní kí ó gbé e wá sí pálọ̀ mi. Kò tó wákàtí kan tí ó fi páàdì sílẹ̀. Ó ní kò yá mọ́, ó ní àwọn tí àwọn jọ ń gbá a ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀kan ti wà ní Kánádà. Ohun tí ó ń ṣàárò rẹ̀ kò sí nínú díìsìkì, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè ṣe apá kejì rẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mú wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún àyájọ́ yìí, nígbà tí gbogbo wa yóò máa sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ òní kì í ṣe ti ìgbà tiwa. Bí wọ́n bá ti yí aṣọ padà, tí àwọn ọmọ kò kọ orin tí àwa ń kọ mọ́, ọjọ́ orí wa ni ó ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn òbí ń san owó orúkọ àtijọ́, tí kò sì sí olùkọ́ físíìsì láti oṣù kìíní títí dé oṣù keje, eFootball ni ìyẹn, ẹni tí ó bá sì ráhùn kò jẹ̀bi. Àwọn ẹ̀yà mẹ́wàá tí ó kọ Rehoboamu sílẹ̀ kò kọ́kọ́ wá bá a jà. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbé wá, èsì tí ó fún wọn ni ó tú ilé bàbá rẹ̀ ká.

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń gbèrò yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì tuntun, tí a óò kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí ara rẹ̀ lórí òkúta mábù. Mo fọwọ́ sí i, n óò sì san tèmi. Àbá mi kan ṣoṣo ni pé kí òkúta náà wà ní ilé akápò títí omi yóò fi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí kíláàsì àkọ́kọ́ yóò fi ṣe ìdánwò kẹ́mísírì níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.